Ọwọ́ Pẹ́ńtà Lórí Ìlẹ̀kùn Ọkọ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ́ńtà jókòó sórí àpótí níwájú tábìlì irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì mọ èyí tí òun ó mú. Ó ti tó ìdajì wákàtí tó ti ń wò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn pé sáńpépà lásán yóò dá òun jókòó, ẹ̀rín ni ì bá fi rín onítọ̀hún. Ọkùnrin tó ti ń bó ọ̀dà lára mọ́tò láti ọgbọ̀n ọdún, tó máa ń di ojú, tó máa ń fi àtàńpàkò pa ojú bébà, tí á sì ní, "Ọgọ́rin nìyí, ọgọ́sàn-án nìyẹn," láìwo nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ rárá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Afọwọ́ríran. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń jẹ́wọ́ lọ.

Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ jẹ́ ti agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀dà mẹ́ta ló gun ara wọn lára rẹ̀: pupa nísàlẹ̀, funfun láàárín, búlúù lókè, gbogbo rẹ̀ sì ti ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kun òmíràn lé irú ìyẹn lórí, àfi kó kọ́kọ́ bó o kan páànù. Ẹ̀rọ tó ń yí wà lórí tábìlì. Bó bá fi sáńpépà tó le mọ́ ọn lẹ́nu, á jẹ orí ọkọ̀ àti bọ́ńẹ́ẹ̀tì tán kí ọjọ́ tó kanrí. Kẹ́míkà tó ń bó ọ̀dà wà nínú agolo, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ máa ń dí i láyà. Ègé igi tí wọ́n fi sáńpépà wé náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì síwá sẹ́yìn. Ìyẹn ló yẹ etí ìlẹ̀kùn, torí ẹ̀rọ ò mọ ibi tí páànù ti fẹ́lẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ń jẹ ọjọ́, ó sì ti rẹ bàbá náà dé inú eegun.

Kí n má purọ́, kì í ṣe àárẹ̀ nìkan ló dá a jókòó. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n yẹn ti pa á níka. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí èèrà ń rìn ní ọwọ́, ó di pé ìka ń funfun bí òtútù bá mú, nígbà tó yá, ìka náà ò mọ ohun tó bá kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ni pẹ́ńtà fi ń mọ̀ bóyá ojú páànù ti jọ̀lọ̀. Ojú ò lè rí i àfi ìgbà tí ọ̀dà bá gbẹ tán tí oòrùn sì tàn sí i, ìgbà yẹn ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lóṣù tó kọjá, oníbúrẹ́dì kan dá ọkọ̀ rẹ̀ padà, àpá sáńpépà hàn gbangba lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Oníbúrẹ́dì ò bínú. Ó ní bóyá ọ̀dà ni ò dáa. Pẹ́ńtà ní bẹ́ẹ̀ ni, bóyá ọ̀dà ni.

Lọ́jọ́ yẹn ló bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé bí ọkọ̀ mìíràn bá tún padà, òun á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ní ó ń dun òun. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí bàbá yìí ń ṣe gan-an nìyẹn, ó ń jẹ́ kí ìyàwó máa fi òróró pa ẹ̀yìn fún òun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ó ń kó ìka pamọ́ sí àpò.

Nígbẹ̀yìn, ó mú ẹ̀rọ fún orí ọkọ̀ àti bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ó mú igi fún àwọn ìlẹ̀kùn. Títí di Ọjọ́bọ̀ ló fi ń ti igi náà, tó ń wú ikọ́, tó ń jókòó sinmi, tó tún ń dìde. Nígbà tó rò pé ìlẹ̀kùn òsì ti tó, ó nù ún, ó di ojú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ náà ò mọ nǹkankan. Ó fi ọrùn ọwọ́ gbìyànjú. Ó wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìlẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bá a. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju ilé méjì lọ sí tiẹ̀, omi ló gbé wá fún un.

"Kí ni ìlẹ̀kùn ń sọ fún yín létí?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, mo kàn fara tì í ni."

Obìnrin náà gbé omi kalẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa ìlẹ̀kùn bó ṣe máa ń pa aṣọ tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójijì. "Nǹkan wà níbí o. Ó dà bí ojú rírán tí wọn ò tíì lọ̀."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Ìyàwó fa ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́ra, ó yọ abẹ́rẹ́ tó há sí àyà aṣọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níka. Pẹ́ńtà ṣì ń wo ìlẹ̀kùn tìbínú-tìbínú. Ìgbà tó wolẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ lórí ìka ara rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" ni ìyàwó bi í.

"Ó ti tó ọdún méjì."

"Ọdún méjì. Èmi sì ń fi òróró pa ẹ̀yìn tí kò dun ẹnikẹ́ni."

Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè, síbẹ̀ àyà rẹ̀ fúyẹ́. "Ó rẹ̀ mí," ó wí. "Ìbẹ̀rù pé wọ́n á mọ̀ ló rẹ̀ mí jù."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ìlẹ̀kùn yìí ná," ni ìyàwó wí. Ó yọ ẹfun tó fi ń sàmì sára aṣọ, ó sì yí ibi náà po.

Pẹ́ńtà mú bébà tó kúnná, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi ha ibẹ̀. Ìyàwó fọwọ́ kàn án, ó ní ó kù. Ó tún ha á. Ó ṣì kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lé e padà, kò ṣàánú rẹ̀ rárá. Ní ẹ̀kẹrin, ó ní ó ti lọ. Pẹ́ńtà na ọwọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe mọ́ ọn lára, ó sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó gbé ìbọn ọ̀dà. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò tíì fín ọ̀dà sójú páànù tí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ò kọ́kọ́ fàṣẹ sí.

Lọ́sẹ̀ kejì, agbẹ̀bí dé lọ́sàn-án gangan, ó yí ọkọ̀ náà ká nínú oòrùn, ó fi ọwọ́ pa ìlẹ̀kùn òsì, ó mi orí pé ó dáa.

"Pẹ́ńtà, ọwọ́ yín ò yẹ̀."

"Ọwọ́ ìyàwó mi ni, mà. Tèmi ti kú."

Agbẹ̀bí náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Pẹ́ńtà ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ, ó sì gbé ohùn sókè díẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́.