Ojú Sídí Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Lánàá, ẹnìkan tan ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ kan, òórùn eruku gbígbóná inú rẹ̀ sì rán mi létí Sídí, àbúrò mi.

Àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá ya á ní Ìtòkú. Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, ó ń kéde pé kàtúùnù ni ọmọdé yóò wò láti àárọ̀ dalẹ́. Nígbà tí wọ́n fi í hàn, Bàbá wa gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Wọn ò ya èmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gba ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n lé e lórí.

"Àǹtí mi, ojú mi dà?" Sídí bú sẹ́kún.

"Fídíò ló jẹ ẹ́," ni mo wí.

Ìyá sáré wọlé, aró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Dákẹ́, ọmọ mi. Wọ́n á tún ya ọ́."

Ibà mú Sídí lọ kí Iléyá tó dé, kò sì sí àwòrán rẹ̀ mìíràn. Ẹ̀rọ yẹn ni Ìyá ń ṣépè fún títí tó fi kú, èmi náà sì ń ṣe àmín.