Ọwọ́ Tó Wà Nínú Àpò Kóòtù

Pọ́n-ùn mẹ́ta ni mò ń ta panla kan ní Moss Side, nílùú òyìnbó, nígbà náà. Panla mẹ́ta ni mo fi gba kámẹ́rà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń palẹ̀ mọ́ àtilọ sílé, tí owó oúnjẹ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí èmi tí mi ò kọjá ìwé kẹta ṣe di fọ́tògíráfà nìyẹn.

Àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ ya fọ́tò nínú yàrá tí wọ́n háyà. Iwájú Town Hall, ilé ńlá ìjọba ìlú, ni wọ́n ń fẹ́, kí ará ilé lè rò pé àwọn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ń fọ ilẹ̀ ní hospital ní Crumpsall. Ọdún mọ́kànlá ni kò ti rí ìyá rẹ̀. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò gún; bó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Ìyá rẹ̀ wá ránṣẹ́ pé ara òun kò yá, kó fi fọ́tò ránṣẹ́, kí òun rí i pé ara ọmọ òun pé kí òun tó lọ.

Mo mú un lọ ní Sátidé kan. Mo fẹ́ kí gogoro aago Town Hall wọlé látòkè délẹ̀, mo ń fẹ̀yìn rìn títí mo fi kọlu ọlọ́pàá kan. Ọ̀rẹ́ mi pariwo:

"Ìyá Panla, èmi ni kí o yà o, kì í ṣe òrùlé!"

"Fara balẹ̀. Pẹ̀lú owó bọ́ọ̀sì tí a san, gbogbo ilé yìí la máa kó lọ."

Fọ́tò yẹn kò wúlò, ọ̀rẹ́ mi kéré bí èèrà nínú rẹ̀. A bọ́ sí Piccadilly Gardens, ọgbà ìgbafẹ́ kan nítòsí. Òdòdó tò bí ọmọ iléèwé, ọ̀mùtí kan sì ń hanrun nítòsí wọn. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ya ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sílẹ̀ bí a ti ń ṣe nílé. Ẹ̀rín pa mí.

"Ìyá ọba, dìde! Ti ọwọ́ bọ àpò kóòtù, bí obìnrin inú catalogue aṣọ."

Òtútù mú un, ó gbọ́ tèmi. Fọ́tò náà rẹwà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́tà àbúrò rẹ̀ dé. Màmá gbé fọ́tò sójú fèrèsé, wọ́n sì bú sẹ́kún: níbo ni ọwọ́ ọmọ àwọn wà? Àwọn òyìnbó ti gé e! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó lé páálí ẹja. Ọ̀rẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà pé ọwọ́ òun wà níbẹ̀. Èsì tó padà ni pé Màmá ń bèèrè ẹni tó ń bá a kọ ọ́.

Ẹ̀rín tèmi náà tán. A padà sórí bẹ́ǹṣì ọjọ́sí nínú òjò. Mo sún mọ́ ọn débi pé kò sí òdòdó, kò sí ilé kankan nínú fọ́tò, àfi òun àti ìka mẹ́wàá. Odindi fíìmù kan ni mo yà tán.

Nígbà tí fọ́tò fi máa délé, wọ́n ti sin Màmá. Àbúrò rẹ̀ ní títí wọ́n fi dákẹ́, ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé ta ló ń fi oúnjẹ sí ọmọ àwọn lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ mi yọ pọ́ọ̀sì láti sanwó, mo ní kó dá a padà sápò. Gbogbo ohun tí mo ná sí fíìmù, fífọ̀ rẹ̀ àti sítáǹbù kò tó owó panla méjì: pọ́n-ùn márùn-ún àti ogún pẹ́nì.