Ta Ló Mu Ọpẹ́ Ilé Náà?

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti mú òkú lọ jẹ́rìí ní kóòtù Kùmásì rí. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé àga fún un. Òkú jókòó, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò ní pẹ́ torí ọ̀nà òun jìn. Akọ̀wé kóòtù bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó ní, "Káfíńtà ni mí tẹ́lẹ̀." Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni òkú náà. Nígbà tó wà láyé, ọmọ Àṣántì ni, ẹni jẹ́jẹ́, tó máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ará Ìlọrin ni àwa, ìdílé ààfáà, ṣùgbọ́n Alabar, àdúgbò kan ní Kùmásì, ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí. Hausa la fi ń ra ẹran, Twi la fi ń jà, Yorùbá la fi ń bẹ bàbá wa. Nígbà tí káfíńtà wá tọrọ ẹ̀gbọ́n mi, bàbá wa ní àfi tó bá gba ìmàle. Ó gbà á, kò sì fi ẹnu kan ọtí mọ́ láti ọjọ́ náà. Akọ́ńtà ló ń pè mí, bí àwọn Àṣántì ṣe ń pe àna wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe jẹ́ kó mọ̀ lọ.

Ó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin sí àdúgbò Krofrom. Òun ló fi ìrókò ṣe gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ̀gbọ́n mi ló pọn gbogbo omi tí wọ́n fi po amọ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, tí eruku funfun bo ojú ọ̀run, ilé yẹn á dà bí ohun tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Mo ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ rí tí mo rí i pé ilé ń rìn, díẹ̀díẹ̀, ó forí lé apá Asawase, àwọn adìẹ ń tẹ̀lé e. Òórùn ìrókò ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo wa.

Ìgbà náà, Góòlù Kóòsì ṣì là ń jẹ́, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àna mi. Wọ́n ní eruku igi ni. Ó rù títí ẹ̀wù tí mo rán fún un fi ń dúró láìsí i nínú.

Télọ̀ ni mí. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, ìkẹta ò sì parí kí tíṣà tó lé mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ arábìnrin àna mi wá bá mi ní ìsọ̀.

"Yá mi ní téèpù rẹ."

"Ṣòkòtò ta lo fẹ́ wọ̀n?"

"Ṣòkòtò kọ́. Fèrèsé ni. Fèrèsé ilé Wọ̀fá mi."

Wọ̀fá ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni tó jẹ́ ọkùnrin. Láàrin Àṣántì, ọmọ kì í jogún bàbá rẹ̀, Wọ̀fá rẹ̀ ló ń jogún. Láàrin tiwa, bàbá lọmọ ń jogún. Torí náà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Àṣántì tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá, ibi méjì ló ti ń jẹun. Òdìkejì rẹ̀ ni ti ọmọ mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi bí. Níhà bàbá wọn, òfo. Níhà ìyá wọn, èmi. Kí ni mo sì ní? Ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti àlùmọ́gàjí tí kò mú.

Mo tẹ̀lé bọ̀rọ̀kìnní náà dé Krofrom. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ìrẹsì ní àgbàlá.

"Àǹtí, wọ́n ti ń wọn fèrèsé yín o!"

Kò gbójú sókè. "Jẹ́ kó wọ̀n ọ́n. Ọkọ mi ti fún èmi àti àwọn ọmọ ní ilé yìí. Jímọ̀ tó kọjá, a ń mu kókó."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo ṣàdúrà fún un. Kí ni mi ò bá tún ṣe?"

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, téèpù mi lọ́rùn rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin Alátání, ẹ̀yin Yorùbá yìí! Ó dúpẹ́! Ta ló mu ọpẹ́ náà?" Ó ká téèpù mi dáadáa, ó dá a padà. "Ẹ ṣáà sọ fún mi. Ta ló mu ún?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tó fi ìrẹsì sílẹ̀.

A lọ bá lọ́yà kan ní Adum. Ọ̀dọ́ ni, ẹlẹ́nu tútù, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta abọ́ tánńganran. Gbogbo ìgbà tó bá sọ òótọ́, abọ́ kan á jábọ́ nísàlẹ̀.

"Màdáámù, nígbà tó fún yín nílé, ta ló wà níbẹ̀?"

"Èmi, òun, àti kókó."

"Kí lẹ fi dúpẹ́?"

"Àdúrà."

Lọ́yà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní ní ilẹ̀ Àṣántì, ẹni tó bá fẹ́ fúnni nílé, ojú ẹbí rẹ̀ ni yóò ti fúnni. Ẹni tó gbà á á mú ọtí wá dúpẹ́, ẹbí á mu ún. Aseda ni wọ́n ń pe ọpẹ́ yẹn. Láìsí i, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

"Ọtí?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ọmọ ààfáà ni mí, sà."

"Mo mọ̀. Ohun tí mo fi gbé bírò sílẹ̀ nìyẹn."

Mo ní èmi á gbé e, pé ẹ̀ṣẹ̀ ti mọ ilé mi tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Kí o sì mu ún tán lọ́nà."

Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó sì ronú. Ó ní, "Ọpẹ́ ni àṣà ń bèèrè. Bí olórí ẹbí bá gba nǹkan mìíràn, tó tọ́ ọ wò lójú gbogbo wọn, yóò dúró. Ṣùgbọ́n ẹ yára, kí ọkọ yín ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, n ó wá kọ ìwé ìhágún fún un. Kí ẹni méjì tí kò ní jogún níbẹ̀ fọwọ́ sí i." Abọ́ méjì jábọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá wa gbọ́ ọ, ó fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí. Ó ní, "Obì lọkọ rẹ̀ mú wá fẹ́ ẹ. Ẹ lọ fi obì dúpẹ́." Ó mú àgbò kan kún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ dúpẹ́, ọyẹ́ mú tó bẹ́ẹ̀ tí a ò rí ojú ọ̀nà. Olórí ẹbí yọ láti inú funfun yẹn, ọ̀pá rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀, àwọn mẹ́rin tẹ̀lé e, ọ̀dọ́kùnrin oní-téèpù náà sì wà níbẹ̀. A gbé àna mi jáde sórí àga tí òun fúnra rẹ̀ kàn, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ohùn rẹ̀ kéré, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ láti inú àlá ẹlòmíràn.

"Náánà, àgbà wa, ìyá àwọn ọmọ mi àtàwọn ọmọ mi ni mo fún nílé yìí. Ẹ má lé wọn jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó gbé àwo obì gbànja síwájú.

"Ọtí dà?" ni oní-téèpù wí.

Àgbò nìkan ló ń jẹnu. Olórí ẹbí wo àwo, ó wo àna mi.

"Ìgbà wo lo ti mu ọtí gbẹ̀yìn?"

"Kí n tó fẹ́ ẹ, Náánà."

"Mo mọ̀ pé ìmàle yìí á kàn mí lọ́jọ́ kan." Ó mí kanlẹ̀, ó mú obì, ó gé e jẹ. Ó fi lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, títí ó fi dé ọwọ́ oní-téèpù. Òun náà jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

"Ó korò."

"Ọpẹ́ ni, kì í ṣe ṣúgà," ni olórí ẹbí wí.

Lọ́yà wá lọ́jọ́ kejì, àna mi tẹ̀ka sí ìwé. Kò lo oṣù kan sí i.

Nígbà tó pé ogójì ọjọ́ tó kú, oní-téèpù dé pẹ̀lú lọ́rì, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pe olórí ẹbí.

"Ta ló mu ún?" ni ọmọkùnrin náà tún wí.

"A ò mu ún," ni bàbá náà dáhùn. "A jẹ ẹ́ ni. Ìwọ náà jẹ ẹ́, o ní ó korò."

Lọ́rì padà lófìfo. Inú ilé yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ti tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, ìwé lọ́yà sì wà nísàlẹ̀ àpótí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀.

Ẹ ti rí i fúnra yín, a ò dé kóòtù. Ilé ò rìn lọ sí Asawase, abọ́ kankan ò sì jábọ́. Ti òkú tó wá jẹ́rìí, irọ́ gbuu ni, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Ó wù mí kí n tún rí i kó jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni mo gbé àga yẹn fún un.