Dálíà Tí Wọ́n Sọ ní Tòkunbọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọgbọ́n ṣe pọ̀ tó nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wá síbi tí àwọn gbajúmọ̀ wa ti ń fi òdòdó díje. Ní nǹkan bí ọdún 1987, a ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Òdòdó. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń yá gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, wọn a to òdòdó sórí tábìlì, wọn a wọ kóòtù nínú ooru, wọn a sì máa sọ òyìnbó sí ohun tí kò létí.

Ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀ ni ti dálíà tuntun. Dálíà jẹ́ òdòdó òyìnbó kan tó ní iṣu nínú ilẹ̀ bí ọ̀dùnkún. Ẹni tó bá gbin iṣu rẹ̀, irú èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà ló máa yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin kóró rẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó máa jáde. Ẹni tí tirẹ̀ bá yọ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni nílùú wa kò rí rí, tí adájọ́ sì fún un ní ipò kìíní, òun ni yóò sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì máa pè é.

Orúkọ yìí ni Mama Tíṣà ń wá. Susannah Ọ̀nàbánjọ ni wọ́n ń jẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ló kọ́ mi ní A, B, D. Fàtímọ̀ ni ìyá tó bí wọn, obìnrin kan tó ń hun ẹní, tó fi owó ẹní rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sílé ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn míṣọ́nnárì gba ọmọ tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní ìṣirò, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ kò lè pè dáadáa títí tó fi kú. Mama Tíṣà kò bímọ, nítorí náà kò sí ọmọ-ọmọ tí a lè sọ ní Fàtímọ̀. Ó dùn wọ́n wọra. Wọ́n sọ fún mi rí pé bí àwọn bá kú, orúkọ ìyá àwọn kú nìyẹn. Nínú gbogbo kóró dálíà tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló yọ gidi: ó pupa bí epo tuntun, etí rẹ̀ funfun láú.

Adájọ́ wa ni Ọ̀gbẹ́ni Walter Ọ̀ṣínọ́wọ̀. Èèyàn ńlá ni. Ó ti lọ kí ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó, ó sì wo ìdíje òdòdó kan níbẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà, nítorí pé wọn kì í wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Látìgbà náà, kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa dálíà. Ó ní rúlà, ó sì máa ń wúkọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ikọ́ ọlọ́lá, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò ti gbà pé òótọ́ ló ń bọ̀.

Lọ́dún náà, Olóyè Gilbert, ọmọ Odògbólú tó ń gbé àdúgbò wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ó kó iṣu dálíà bọ̀ nínú àpótí, láàárín bàtà àti ọṣẹ. Gbogbo ìlú gbọ́. Ohun tí ìlú kò gbọ́ ni pé iṣu náà ti jẹrà kó tó délé. Olóyè pàápàá kò gbọ́, nítorí kì í dé inú ọgbà rẹ̀. Ojú fèrèsé ló ti máa ń nàka sí i fún àlejò. Mọ́ṣádé aya rẹ̀ ló da ìjẹrà náà nù, tó wá nǹkan mìíràn gbìn sójú ibẹ̀.

Ọjọ́ ìdíje pé. Olóyè gbé òdòdó rẹ̀ kalẹ̀: ó pupa bí epo tuntun, etí rẹ̀ funfun láú. Mama Tíṣà gbé tiwọn kalẹ̀: ó pupa bí epo tuntun, etí rẹ̀ funfun láú. Tábìlì kan péré ló wà láàárín wọn.

Adájọ́ wúkọ́. Ó fi rúlà wọn ti Olóyè síwá sẹ́yìn, ó ní irú pupa báyìí, ilẹ̀ wa kò lè hù ú láéláé. Ó dé ọ̀dọ̀ Mama Tíṣà, kò yọ rúlà rárá. Ó ní pupa tibí ti le jù, funfun rẹ̀ kò mọ́, ẹni tó bá lójú yóò mọ̀ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló ti jáde. Ernest, akọ̀wé ẹgbẹ́, rọra sọ pé òun ń rí méjèèjì bí ìbejì. Adájọ́ wò ó tàánú-tàánú, ó ní àfarawé ni ti Mama, bí ẹni pé télọ̀ ló ń rán dálíà. Inú bí mi, àfi bíi kí n fi rúlà náà nà án.

Olóyè dìde, ó sọ òdòdó rẹ̀ ní Tòkunbọ̀, torí pé ó ti òkè òkun bọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ rántí pé lọ́dún yẹn, mọ́tò àlòkù tí wọ́n kó láti ìlú òyìnbó, tòkunbọ̀. Fíríìjì àlòkù, tòkunbọ̀. Ẹ̀bùn ohun tuntun wá bọ́ sọ́wọ́ Tòkunbọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé ló pé jọ.

Ìgbà náà ni Mọ́ṣádé gbé mínírà wọlé fún àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n ti sọ. Ọmọ Ìbẹ̀fún ni, ilé tó dára ló sì ti jáde: ẹni tó bá ṣe é lóore, ìgbà tó bá kọ́kọ́ tún rí i ni yóò dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó kí ẹlòmíràn. Ó sọ mínírà kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú Mama Tíṣà lójú gbogbo ẹgbẹ́.

“Mama, ẹ ṣeun lọ́jọ́sí o. Ti Lọ́ńdọ̀nù jẹrà pátápátá. Iṣu tí ẹ fún mi ni mo gbìn sójú ẹ̀, òun ló yọ dáadáa báyìí.”

Adájọ́ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó sì ki rúlà bọ àpò. Olóyè ń wo àjà. Ìgbà yẹn ló yé mi pé nítorí Mọ́ṣádé ni Mama Tíṣà kò fi bá adájọ́ jiyàn. Nígbà tí adájọ́ wúkọ́ tán, ó ní ẹyin lohùn, a ti kéde orúkọ, kí Mama jọ̀ọ́ gba ipò kìíní, kí òdòdó sì máa jẹ́ Tòkunbọ̀ lọ kí àlàáfíà lè jọba.

Mama Tíṣà dìde.

“Ẹ̀yìn ilé mi ni mo bí ọmọ mi sí, kò sọdá òkun kankan. Ẹ má pè é ní Tòkunbọ̀. Fàtímọ̀ ni. Orúkọ ìyá mi ni.”

 Ernest ya káàdì tó ti kọ Tòkunbọ̀ sí, ó mú òmíràn, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mama Tíṣà gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ fúnra wọn, gàdàgbà.

Adájọ́ ń sọ káàkiri títí dòní pé òun ti mọ̀ látilẹ̀, pé pupa yẹn, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú nìkan ló lè hù ú. Ẹ bá mi kí i. Àmọ́ bí ẹ bá gba iwájú ilé Olóyè kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ Mọ́ṣádé tó ń lé ewúrẹ́, tó ń ké pé kí wọ́n kúrò lára Fàtímọ̀ o. Mama Tíṣà máa ń dúró gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó kọjá.