Àgbàdo Màlúù Nínú Ọgbà Dádì

Mo rántí ìgbà tí àgbàdo tútù ń wù wá jẹ ní Dublin, tí a ò rí èyí tó dà bíi tilé. Ìparí oṣù kẹjọ ni, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí wa. Èyí tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì dùn bíi ṣúgà, kò sì ṣeé jẹ fún àgbàlagbà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó wà nínú oyún, jẹ ẹ́, ó sì bì í. Gbogbo nǹkan ló ń bì nígbà yẹn. Ó rù débi pé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ léjìká rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wá fún òun àti ọmọ inú rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ní òun lè jẹ: àgbàdo gidi, tí wọ́n fi iyọ̀ sè.

Oko àgbàdo ńlá kan wà lẹ́yìn ibi tí mo ti ń kó ẹrù ní Damastown. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi tó dáa jù, mo lọ tẹrí ba fún àgbẹ̀ òyìnbó tó ni ín, bí ẹni ń lọ tọrọ ìyàwó. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní màlúù lòun gbìn ín fún, ṣùgbọ́n kí n kó èyí tó bá wù mí. "You're grand, lad," ló ń wí, pé kò séwu. Mo kó àpò kan, mo sì rò pé gbogbo Dublin ló máa dìde kí mi.

Ọgbà ẹ̀yìn ilé Dádì ní Hartstown la ti fẹ́ jẹun lọ́jọ́ náà. Dádì kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa; ó kàn ti dé síbí ṣáájú wa ni. Ó wá tọrọ ààbò nígbà tí àwa ṣì wà ní pámárì, ó sì ti gbàgbé pé ohun tí wọ́n bá gbé síwájú òun ní ibùdó àwọn tó ń tọrọ ààbò lòun náà ń jẹ nígbà kan. Ó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí, ó ń yí sọ́séèjì tó jóná níta, tó sì tutù nínú. Ó kìlọ̀ pé kí a má fọwọ́ jẹun, pé àwọn aládùúgbò ń wò. Aládùúgbò wo? Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ra sílẹ̀, ó ti sùn sínú oòrùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Èmi aláìgbọ́n wá sọ ibi tí mo ti rí àgbàdo.

"Oúnjẹ màlúù!" ni Dádì pariwo. "Nínú ọgbà mi? Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni? Ẹ gbé yoke yẹn jáde jàre!" Yoke ni àwọn ará Dublin ń pe nǹkankíǹkan.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jẹ́ kí n kàn tọ́ ọ wò."

"Mo ní ẹ gbé e jáde!"

Ìyàwó rẹ̀ kò bá a jiyàn. Ó sè é ní kíṣìnì, ó sì gbé ìkòkò náà gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde bá wa lórí koríko iwájú ilé, níbi tí a ti lọ jókòó. Nọ́ọ̀sì jẹ ọ̀kan. A ń wo ẹnu rẹ̀. Ó jẹ òmíràn, ó lá omi iyọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó sì sùn síbẹ̀. Kò bì. Omi bọ́ lójú mi, mo ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́.

Nígbà tó yá, Dádì fi sọ́séèjì rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde wá, ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá ó jinná. Kò pẹ́ tí ṣùkù àgbàdo fi kún ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ nọ́ọ̀sì ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Lọ́dọọdún, Dádì máa ń pè wá jẹ àgbàdo nínú ọgbà kan náà, á sì máa ròyìn fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bí òun ṣe lọ bẹ àgbẹ̀ nítorí aboyún. Ojú kì í tì í. Lọ́dún yìí, ọmọ náà gbójú sókè, ó ní, "But Mammy says you said it was for cows."

Dádì wojú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ọjọ́ yẹn, èsì sì kún ẹnu mi. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fi ọwọ́ méjèèjì di àgbàdo mú, ó ń jẹ ẹ́, iyọ̀ ti kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo fi irọ́ náà sílẹ̀ fún Dádì. Pé ọmọ náà wà láàyè ti tó fún wa.