Báàgì Gbígbẹ ní Bèbè Kòtò Yanrìn

Ẹ yí ìbọ̀sẹ̀ yín sódì kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ojú ibi tí wọ́n ti rán an ni kó kọjú síta, kó má baà máa ha ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi òrí pa àárín ọmọ ìka àti gìgísẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Bàtà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ fi í sílẹ̀. Ọjọ́ ìrìn jíjìn kọ́ ni ọjọ́ tí ẹsẹ̀ àti bàtà ń mọ ara wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló wá bá mi nílé, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù aláwọ̀ kan náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ rin ìrìn Gálílì bíi ti àtijọ́, kí n kọ ohun tí mo mọ̀ nípa ìrìn àti ẹrù sílẹ̀ fún àwọn. Wọ́n ní kó má gùn. Yóò gùn. Wọ́n tún ní kí n má gbàgbé bàbá tó dá ìrìn náà sílẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára gbọ̀ngàn ìjọ. Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí.

Orí òkè ni wọ́n bí mi sí, ní Èkìtì, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá mọ ẹrù dì kò ní í dé oko bàbá rẹ̀. Mo ka ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì gbé mi wá sí Ìgàndò láti máa kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 yẹn, Ìgàndò kò tíì rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ń tà, àwọn tírélà ń wá wa yanrìn lọ fi kọ́lé, ibi tí wọ́n bá sì ti wà á, wọn kì í dí i. Òjò á kún un, koríko á bo etí rẹ̀, ọ̀nà ẹsẹ̀ á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ń gbé inú yàrá tó kọjú sí tèmi. Nọ́ọ̀sì ni, mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, nítorí náà kò pe orúkọ mi rí. “Àǹtí mi” ló máa ń pè mí. Ní ọjọ́ Sátidé tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, àwa méjèèjì á gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, a ó rìn dé Àkẹ̀sán, nígbà mìíràn a ó rìn dé Ìjẹ̀gùn, kí ojú wa ṣáà lè rí ewéko. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń di báàgì. Aṣọ àti ohun rírọ̀ ni kó wà nísàlẹ̀. Ohun tó bá wúwo, àárín ni kó wà, kó sún mọ́ eegun ẹ̀yìn. Bó bá jìnnà sí ẹ̀yìn, á máa fà yín sẹ́yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ nílò ni kó wà lókè. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú báàgì kí ẹ tó kó nǹkan sí i, nítorí kò sí báàgì tí òjò kò ní í wọ̀.

“Àǹtí mi, ṣé ìyàwó lẹ ń di ẹrù fún ni, àbí báàgì lásán?”

“Pa ẹnu dé, kí o gbé omi yẹn wá sí àárín.”

“Ọkọ tó máa fẹ́ yín á ti rí i. Ẹ ó máa to ọbẹ̀ sínú ìkòkò ni, ẹran lókè, ata nísàlẹ̀.”

Okùn báàgì máa ń gé èjìká. Nítorí náà mo gé ọ̀já àtijọ́ méjì, mo fi òwú sáàárín wọn, mo rán an bò wọ́n. Mo tún rán okùn kan tó gba àyà kọjá, kí ẹrù má baà máa mì. Kókó tí mo ń ta sí i, ìfà kan ló ń tú u. Òfin tí mo fi lélẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi ni pé kó tú okùn àyà kó tó dé etí omi tàbí ibi tó ń yọ̀, kó kọ́kọ́ gbé ẹrù kọjá, kó tó gbé ara rẹ̀ kọjá. Ẹ fi ìlà sábẹ́ òfin yìí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni à ń lọ sí Gálílì. Tẹ́lẹ̀, pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni Gálílì wa: a ó tẹ́ ẹní, a ó jẹun, àwọn ọmọ á sáré. Ní ọdún yẹn, bàbá tí mo ń wí, tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ ètò, sọ pé Ayọ̀bọ̀ ni Gálílì wà. A ó gba Ẹ̀gan kọjá, a ó fi ẹsẹ̀ rìn ín bíi ti àwọn ọmọ ẹ̀yìn Olúwa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀ ni. Ó fẹ́ kí ìjọ wá wò ó kí wọ́n sì bá a yọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́.

Wọ́n ní kí n bá àwọn arìnrìn-àjò ṣètò. Mo ra fèrè kéékèèké ní ọjà Ìkòtún, irú èyí tí rẹfirí ń fọn, mo fi okùn sí wọn lọ́rùn, kí gbogbo àgbàlagbà fi kọ́ ọrùn. Bí nǹkan bá ṣe ẹnikẹ́ni, kó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àárẹ̀ lè mú ohùn ènìyàn, kì í mú ti fèrè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá rí fèrè lọ́rùn àwọn ènìyàn.

“Ta ló kó èyí wá?”

“Èmi ni, sà.”

“Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ pe ejò fún ìjọ Ọlọ́run ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ejò kò ní etí, sà.”

“Ẹ gbọ́ o! Ìwé ti sọ fún Tíṣà pé ejò kò létí.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ó sì na àpò ọrẹ, ó ní kí gbogbo wa kó fèrè sínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ kẹ́yìn, ó sì wo ojú mi. Nígbà náà ni bàbá wá sọ òfin tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọn nǹkan kan nínú igbó. Kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ ẹnìkejì. “Bí wọ́n bá sì pè yín láti ẹ̀yìn, ẹ má jẹ́. Lọ́sàn-án gangan, ènìyàn nìkan kọ́ ló ń rìn.”

N kò ní í purọ́, òfin àwọn baba wa ni. Bàbá tèmi náà sọ ọ́ fún mi ní ọ̀nà oko. Ṣùgbọ́n báyìí ni bàbá mi ṣe sọ ọ́: “Bí o bá gbọ́ ohùn lẹ́yìn rẹ, má tíì jẹ́ ẹ. Yí padà, wo ẹni tó ń pè.” Ìdajì òfin ni bàbá ìjọ kó wá sí Ìgàndò.

Ẹni tó mọ ìrìn ló yẹ kó wà lẹ́yìn pátápátá, kó máa ṣọ́ àwọn tó bá rẹ̀. Èmi ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n bàbá ní kí n wà láàárín, kí n máa bá àwọn ìyá àgbà rìn. Ọ̀rẹ́ mi gba ẹ̀yìn.

“Èmi ni ìrù, Àǹtí mi,” ó ní. “Ẹ rọra máa lọ o, kí ìrù má já.”

Òjò ti rọ̀ lóru mọ́jú. A kọjá Ẹ̀gan, oòrùn mú, ilẹ̀ pupa ń rú ooru sókè. A dé ibi tí ọ̀nà ti fún mọ́ etí kòtò yanrìn kan, a tò lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì kọjá. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo yíjú padà, mo rí ọ̀rẹ́ mi lókèèrè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá ìyá kan so okùn bàtà. Ìyá náà kọjá. Ọ̀nà yí kọ́nà, n kò rí i mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ.

“Àǹtí mi! Àǹtí mi o!”

Mo dúró. Àwọn tó wà níwájú mi náà dúró, mo rí i lára ọrùn wọn pé wọ́n gbọ́. Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè. “Ẹ má jẹ́ ẹ o! Ẹ má wẹ̀yìn!”

“Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, sà.”

“Ohùn rẹ̀ ni. Ta ló sọ pé òun ni?”

“Iwin wo ló ń pe ènìyàn ní àǹtí, sà?”

Ó kọjú sí ìjọ, ó ní, “Ẹ kọrin sókè!” Wọ́n sì kọ ọ́. Àwọn èèyàn tó mọ ọ̀rẹ́ mi, nọ́ọ̀sì tó ti fún ọmọ wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n la ẹnu, wọ́n kọrin títí ohùn rẹ̀ fi rì sínú orin. Ọkùnrin méjì di okùn báàgì mi mú láti ẹ̀yìn. Mo fa kókó àyà mi lẹ́ẹ̀kan, ó tú, mo yọ apá, mo fi báàgì sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mo sáré.

Ohùn náà ti dákẹ́ kí n tó dé kọ́nà.

Báàgì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, lórí koríko, ó nàró ṣánṣán, okùn àyà rẹ̀ wà ní títú. Ó ti gbé ẹrù kọjá ná, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó wá ku kó gbé ara rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ ti fi ẹsẹ̀ tẹ etí kòtò náà rọ̀ kó tó kàn án, ilẹ̀ sì ti ya lábẹ́ rẹ̀. Àmì ìka rẹ̀ wà lára ilẹ̀ pupa, wọ́n gùn, wọ́n sì jinlẹ̀. Ó ti dì í mú. Gbogbo ìgbà tí a fi ń kọrin yẹn, ó dì í mú.

Mo ṣa igi gígùn kan nílẹ̀, mo nà á sínú omi kòtò náà, kò kan nǹkan kan. Mo pe ìjọ. Mo fi gbogbo agbára pè wọ́n. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Kò sí ẹni tó jẹ́ mi. Wọ́n ti sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ́.

Àwọn àgbẹ̀ tó ń ro ẹ̀gẹ́ nítòsí ni wọ́n sáré wá, àwọn ni wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ jáde.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, bàbá dìde níwájú ìjọ pẹ̀lú omijé. Ó ní ẹrù òyìnbó tí wọ́n so mọ́ ọmọ náà láyà ló fà á wọ inú omi. Mo dìde láti sọ pé báàgì náà gbẹ. Wọ́n ní, “Ẹ jókòó, Tíṣà, ẹ ò ṣe bọ̀wọ̀ fún òkú.” Mo jókòó bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára. Nígbà tí mo fi máa gbé báàgì náà dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ní ìlú kan lẹ́yìn Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ bàbá ti ṣáájú mi débẹ̀. Ìyá náà kò jẹ́ kí n wọlé.

“Ẹ gbé ohun tó pa ọmọ mi kúrò lójúde mi.”

“Ìyá mi, kò sí lára rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wò ó, omi ò kàn án rárá.”

“Àgbà ìjọ tó wà níbẹ̀ ti sọ fún mi. Ṣé ẹ ó tún pè é ní òpùrọ́ ni?”

Ìyá náà kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ yẹn. Èyí ni n kò dárí rẹ̀ jì, n kò sì ní í dárí rẹ̀ jì.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń parí lọ, Ayọ̀bọ̀ ti di ilé. Bàbá ti kọ́ tirẹ̀, àìsàn sì ti dá a dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní kí a lọ kí i, mo bá wọn lọ. Ó ní kí àwọn yòókù jáde, kí èmi nìkan dúró.

“Tíṣà,” ó ní, “ṣé ẹ̀yin náà máa ń gbọ́ ọ?”

Mo fa àga kan, mo jókòó.

“Ọ̀sán ni. Bí oòrùn bá ti dé àárín orí báyìí. Àǹtí mi, Àǹtí mi. Ẹ bá mi gbàdúrà. N kò lè jẹ́ ẹ, ẹ̀yin ló ń pè.”

“Ẹ sọ fún ìjọ pé báàgì náà wà lórí ilẹ̀, pé ó gbẹ. Ẹ sọ ọ́, màá gbàdúrà.”

Ó wo àjà. “Àwọn ọmọ mi ńkọ́, Tíṣà? Orúkọ wọn ńkọ́?”

Mo gbé àpò mi. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo yí padà, mo ní, “Ẹ kọrin sókè, sà.”

Ó kú láì sọ ọ́. Èmi ni mo wá ń sọ ọ́ yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà máa ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìnkùlé, bí àdúgbò bá dákẹ́ lọ́sàn-án, ohùn náà á wá, kì í ké ju bó ṣe ké lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń fi àwo sílẹ̀, mo máa ń yí padà wò, mo sì máa ń jẹ́ ẹ. Àwọn aládùúgbò rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, báàgì náà wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀rá inú rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ọ̀já èjìká rẹ̀ kò já. Ẹni tí ẹ bá fi sẹ́yìn pátápátá lọ́jọ́ Gálílì ni kó wá gbà á lọ́wọ́ mi, kó gbé e kọ́ ẹ̀yìn lójú gbogbo ìjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báàgì ta ni, kó sọ fún un, kó sì sọ fún un pé ó gbẹ. Kí gbogbo yín fi fèrè kọ́ ọrùn. Bí ẹ bá sì gbọ́ ohùn láti ẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ dá orin dúró.