Láptọ́ọ̀pù tí Ìyá Dárè Gbé Wá sí Mowe

Ẹni tó bá wù kó pè mí ní òpùrọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí sùn, tí mo ń bá a jí, àwọn tí mo sì kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, ẹ̀rín ni wọ́n fi mí rín. Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rí nǹkan. Mi ò rí iwin rí, mi ò sì mutí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fojú ara mi rí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lójú ọ̀sán, mi ò ní torí ẹ̀rín yín sọ pé mi ò rí i.

Ọdún 2007 ni. Inú kọnténà kan lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mowe. Ìyá àgbàlagbà kan wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi gèlè àtijọ́ wé láptọ́ọ̀pù kan, ó gbé e mọ́yà. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ki, tó wúwo bí búlọ́ọ̀kù. Ó ní Dárè ọmọ òun ló ni ín, pé Pọ́tá lọ́hùn-ún ni Dárè ti ń ṣiṣẹ́, pé ẹ̀rọ náà kò fẹ́ tàn mọ́.

Mo bi í pé ibo ló ti ń bọ̀, ó ní Ìfọ̀. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé kò sí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní gbogbo Ìfọ̀ ni. Ó ní wọ́n wà, ṣùgbọ́n Dárè ló ní Mowe ni kí òun gbé e wá. Ó ní Dárè máa ń yọ sí òun lẹ́yìnkùlé nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni nílé. Kì í wọlé, kì í jẹun. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí pé bí láptọ́ọ̀pù náà bá ti tàn, òun á wọlé wá, òun ò sì ní lọ mọ́.

Ọmọ tó wà ní Pọ́tá, tó ń yọ lẹ́yìnkùlé ní Ìfọ̀. Mo rò ó nínú ara mi pé ọmọ náà ti dá ọ̀ràn kan ládùúgbò ni, ó ń sá fún wọn. Mi ò bi í ní nǹkan kan mọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo yọ bátìrì, mo ki ṣájà bọ̀ ọ́, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, kò mira. Mo pààrọ̀ ṣájà, kò mira. Mo yọ ràámù, pátákó pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan, mo fi ìréṣà nu ẹsẹ̀ rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe, mo dá a padà. Ó dákẹ́. Ìgbà tí mo ṣí kíbọ́ọ̀dù ni mo rí iyanrìn, àti nǹkan dúdú kan tó ti gbẹ mọ́ bọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tó gbé gbogbo ẹ̀rọ náà ró. Mo rò pé sóbò ni wọ́n dà sí i. Mo fi òwú bọ sípíríìtì, mo nù ún. Òwú náà pọ́n.

Bọ́ọ̀dù ti jó. Kò lè tàn mọ́ láéláé, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá yẹn ṣe ń wò mí, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti ọmọkùnrin kan ni wọ́n jọ wá. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, gbogbo Mowe di ẹrọ̀fọ̀. Ọmọkùnrin náà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyá ní, "Dárè rèé." Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè jókòó dáadáa. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú bí ẹni fẹ́ mú ọmọdé sọdá títì. Mo bọ ọmọkùnrin náà lọ́wọ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ọwọ́ ènìyàn ni. Ó tutù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ni kì í tutù lẹ́yìn òjò?

Mo ṣàlàyé fún un pé bọ́ọ̀dù ti jó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ rẹ̀ kejì.

"Ẹ jẹ́ kí n dán an wò." Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó fi ìka kan bọ́tìnnì náà.

Ó tàn.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi o. Bátìrì rẹ̀ wà lórí tábìlì mi. Ṣájà rẹ̀ wà lára ìṣó. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀ mi. Láptọ́ọ̀pù yẹn tàn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ hàn lójú Ìyá.

Ìyá ní, "Ó ti tàn. Dìde, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Kí wọ́n tó dìde ni ọkùnrin kan já wọlé, òógùn bò ó. Ó ní Fẹ́mi lòun, òun ni àkọ́bí ìyá náà. Aládùúgbò kan ló sọ fún un pé ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ Mowe. Ó fà mí lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun ni ìyá òun ti yọ́ ẹ̀rọ yẹn gbé, pé kí ló dé tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù, ṣebí àbúrò rẹ̀ tó ni ín ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ yẹn.

Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wò mí. Ó wá fẹnu sí mi létí.

"Àbúrò mi ti kú. Ọkọ̀ ló gbá a lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní Ìbàfo, ó gbá ẹ̀rọ yẹn mọ́ àyà, ibẹ̀ la ti yọ ọ́. Gbogbo Ìfọ̀ ló mọ̀. Mama nìkan la ò sọ fún, torí ẹ̀jẹ̀ ríru."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì.

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì di nǹkan tí èmi ò rí mọ́ mú. Láptọ́ọ̀pù ṣì ń tàn.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Àwọn àgbà máa ń sọ̀rọ̀ àkúdàáyà, òkú tó ń gbé láàárín àwọn tí kò gbọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ̀ kò ní rí i mọ́. Gbogbo Ìfọ̀ mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ló ti ń yọ sí ìyá rẹ̀. Mowe ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀, títí Fẹ́mi fi fẹnu sí mi létí.

Mo di Fẹ́mi lápá mú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, kó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa lọ bó ṣe wà. Kò gbọ́. Bóyá irọ́ tó ti ń gbé kiri ló ti sú u. Ó lọ dúró níwájú ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá.

"Mama, ẹ yé bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Dárè ti kú. Èmi ni mo sin ín."

Láptọ́ọ̀pù kú pii.

Ìyá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ṣì dì í bí ìgbà tí nǹkan wà nínú rẹ̀, ó wá ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ròyìn ojú ìyá yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ó ní, "Ẹnjiníà, ìwọ náà ṣáà rí i."

"Mo rí i, mà."

Ó yíjú sí Fẹ́mi. "Ọwọ́ mi ló wà. Mo ti dì í mú. Ìwọ lo pa á."

Fẹ́mi ń sunkún bí ọmọ kékeré. Ìyá ò sunkún. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ọmọ rẹ̀ fẹ́ dì í mú nítorí ẹrọ̀fọ̀, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni ìyá yẹn pàdánù nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Lẹ́yìn bí oṣù kan, Ìyá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á ní kí n bá òun tún láptọ́ọ̀pù náà ṣe. Mo pààrọ̀ bọ́ọ̀dù pátápátá, kò tàn. Á ní ó dáa, á máa lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oníbàárà kan láti Ọ̀fàdà bi mí bóyá ọmọ iṣẹ́ mi ni ọmọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun tó jókòó ti Ìyá.

Mo wò. Ìyá nìkan ni mo rí. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì di nǹkan mú.

Ìyá ti mọ̀ pé Dárè kú. Ẹni tó bá mọ̀ kì í rí àkúdàáyà, àfi bí òun náà bá ti di ọ̀kan nínú wọn. Kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé Ìyá ti kú. Láti ọjọ́ yẹn, bí oníbàárà bá ti ní Ìfọ̀ lòun ti ń bọ̀, mo máa ń sọ pé ọwọ́ mi dí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ikú ọmọ pamọ́ fún ìyá ọmọ, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó rí nǹkan sunkún sí. Bí ẹ bá ti jẹ́ kó pẹ́, ẹ má dá a láṣà láti la ẹnu yín mọ́. Ní tèmi, lánàá ni Ìyá wá kẹ́yìn, ó kí mi dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá jẹ́ ará Ìfọ̀, tó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún mi.